Ẹyẹ inú àwòrán yẹn kì í ṣe òwìwí, kì í sì í ṣe àjẹ́

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, àbúrò mi kan tó ń gun ọ̀kadà pè mí láti ojú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Ìgbàrà Òdò. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, nǹkan kan jókòó sáàárín títì tó ń wò mí. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyín iná. Ṣé kí n yí padà ni?" Mo ní kó má yí padà, kó rẹ iná ọ̀kadà rẹ̀ sílẹ̀, kó máa bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ní nǹkan náà ti fò, kò dún rárá, àfi bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ gbé ewé gbígbẹ.

Ó délé láyọ̀. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹyẹ kékeré kan ló wà níbẹ̀, ó dúró ṣánṣán lórí ẹ̀ka igi, ojú rẹ̀ tóbi, irun gígùn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ bíi ti ológbò, ara rẹ̀ sì rí bí èèpo igi tó ti gbẹ. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e jáde kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àjẹ́ tó di ẹyẹ ni, pé Èkìtì níbí ni wọ́n ti mú un. Àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ohun tí mo rí lánàá rèé."

Ohun tó rí kọ́ nìyẹn. Mo jókòó ti àbúrò mi lọ́jọ́ náà títí ó fi yé e. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwòrán kan náà ti dé orí fóònù àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa àti ti àwọn ìyá ọlọ́jà, gbogbo wọn ń bi mí pé ṣé mo ti rí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí. Ẹyẹ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti dà pọ̀ mọ́ ara wọn: òwìwí tí gbogbo wa mọ̀, ẹyẹ òru tó ń bà sójú títì wa, àti ẹyẹ kékeré inú igbó orí òkè tó wà nínú àwòrán. Òru nìkan ló pa wọ́n pọ̀.

Ẹyẹ inú àwòrán, New Guinea ni ilé rẹ̀. Erékùṣù ńlá kan ni New Guinea, ó wà ní apá àríwá Ọsirélíà. Orílẹ̀-èdè Indonéṣíà ló ni apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Papua New Guinea ló ni apá ìlà-oòrùn. Àwọn òkè tò láàárín erékùṣù náà bí egungun ẹ̀yìn ẹja, èyí tó ga jù nínú wọn sì ga tó mítà 4,884. Àwa tí a bí sí ilẹ̀ olókìtì mọ ohun tí òkè ń jẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti ti Ìkẹ́rẹ́, ọmọdé ni wọ́n níwájú ìyẹn. Inú igbó tó bo ara àwọn òkè yẹn, láti nǹkan bí mítà 1,000 sókè, níbi tí òtútù ti ń mú, tí kùrukùru ń wọ́ láàárín igi, ni ẹyẹ yìí ń gbé. Kò tóbi. Láti ẹnu rẹ̀ dé ìrù kò ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ìyẹn bí ọwọ́ àgbàlagbà láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín.

Aegotheles albertisi ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ní 1874 ni Philip Sclater, ará Gẹ̀ẹ́sì, fún un lórúkọ yẹn láti fi yẹ́ Luigi Maria d'Albertis sí, ará Ítálì tó rin igbó New Guinea kiri ní àwọn ọdún 1870. Àwọn tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní mountain owlet-nightjar, orúkọ yìí gan-an sì wà lára ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú. Owlet ni òwìwí kékeré. Nightjar ni ẹyẹ tó ń bà sójú títì. Wọ́n kó orúkọ ẹyẹ méjì lé ẹyẹ kan tí kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn lórí.

Ẹ kọ́kọ́ fi wé òwìwí. Òwìwí, ẹran ní í jẹ. Ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bíi ti àṣá, èékánná rẹ̀ mú, eku ló sì fi ń mú. (Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe sọ òwìwí kan lókò pa nínú agboolé kan, ní ọdún tí eku jẹ àgbàdo inú àká ilé yẹn tán. Ó ṣì ń dùn mí.) Ẹyẹ inú àwòrán kò ní irú èékánná bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kéré lójú, irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ tán, ìyẹ́ tó le ni irun náà sì jẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá la ẹnu yẹn, ó fẹ̀ bí ẹnu àpò. Kòkòrò ló ń fi jẹ, àfòpiná àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Kí ló dé tó fi wá fojú jọ òwìwí? Ẹyẹ tó bá fẹ́ máa wá oúnjẹ nínú òkùnkùn gbọ́dọ̀ ní ojú ńlá, ó sì dára kí ojú méjèèjì kọ sí iwájú kó lè mọ bí ohun tó fẹ́ mú ṣe jìnnà tó. Iṣẹ́ wọn jọra, ni irinṣẹ́ wọn fi jọra. Àgbẹ̀ Ìkọ̀lé àti àgbẹ̀ ilẹ̀ Tífì lè jọ gbé ọkọ́ lọ sóko iṣu láàárọ̀. Kò sọ wọ́n di ọmọ bàbá kan náà. Àdán náà ní apá, ó ń fò, síbẹ̀ a kò pè é ní ẹyẹ. Àwọn baba wa tó sọ pé àdán kò ṣeku, kò ṣẹyẹ ti mọ̀ pé a kì í fi ìrísí nìkan ka ẹbí.

Ó ku ohun tí àbúrò mi rí gan-an. Ẹyẹ ojú títì ni, nightjar àwọn òyìnbó. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà ní Nàìjíríà. Ọ̀kan fẹ́ràn orí àpáta, irú èyí tó pọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ wa, àwọ̀ ara rẹ̀ sì rí bí àpáta náà gẹ́lẹ́, eérú pẹ̀lú tóótòòtó funfun àti dúdú. Òmíràn ní ìrù gígùn. Òmíràn tún wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, tí akọ rẹ̀ máa ń hu ìyẹ́ méjì kan ní àsìkò tí akọ ń wá abo, ọ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹ́ náà gùn ju gbogbo ara rẹ̀ lọ, ó dà bí okùn, àsíá kékeré sì wà lórí rẹ̀. Tó bá ń fò ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rò pé ẹyẹ kékeré méjì ló ń lé ńlá kan lọ. Ẹni tó bá rí i láìmọ̀ yóò ní àlàyé láti ṣe nílé.

Ẹsẹ̀ ẹyẹ wọ̀nyí kúrú, kò lágbára, nítorí náà ilẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó. Wọ́n fẹ́ràn títì nítorí pé ó tẹ́jú, ó mọ́ lókè, ooru oòrùn sì ṣì wà lára ọ̀dà nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Láti ibẹ̀, kòkòrò tó bá kọjá lókè á hàn sí wọn lójú sánmà. Wọ́n á fò sókè, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á padà wá jókòó. Ibẹ̀ náà ni mọ́tò ti ń tẹ̀ wọ́n pa.

Ojú tó ń pọ́n ńkọ́? Èyí ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ní ẹ̀yìn ojú ẹyẹ yìí, ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń dán bíi dígí. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú ojú, apá kan á kọjá láìjẹ́ pé ojú lò ó. Ìpele yẹn ló ń dá a padà kí ojú lè tún un lò lẹ́ẹ̀kejì, ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ lásán fi tó wọn ríran. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn á gba ojú jáde padà síta. Ìmọ́lẹ̀ tí àbúrò mi rí láàárín títì, iná ọ̀kadà òun fúnra rẹ̀ ló ń padà wá bá a. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó tan tọ́ọ̀ṣì sí àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ ní ìdí ògiri lálẹ́ òní. Ológbò ní i, màlúù ní i. Kò sẹ́ni tó ń sá fún ewúrẹ́ ilé rẹ̀ nítorí ojú tó ń tàn.

Ibí yìí gan-an ni mo ti mọ̀ pé ẹyẹ inú àwòrán kọ́ ni àbúrò mi pàdé. Ìbátan ẹyẹ náà kan wà ní Ọsirélíà, òun ni wọ́n mọ̀ dáadáa jù nínú ìdílé wọn. Tí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ojú rẹ̀ kì í tàn pupa bíi ti nightjar. Ojú dúdú rọ̀bọ̀tọ̀ náà á kàn máa wò yín ni. Àjẹ́ inú àwòrán, ojú rẹ̀ kò ní í fi iná kankan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ ewúrẹ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí ẹ gbọ́. Ní Gíríìsì, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn èèyàn gbà pé nightjar máa ń wọ inú agbo lóru láti fa ọmú ewúrẹ́, pé ewúrẹ́ tó bá fa ọmú rẹ̀ kò ní í ní wàrà mọ́, ojú rẹ̀ á sì fọ́. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì, pàápàá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni orúkọ ti wá: Caprimulgus tí wọ́n fi ń pe nightjar títí di òní, afọmú-ewúrẹ́ ló túmọ̀ sí ní èdè Látìn. Aegotheles tí wọ́n sì fi pe ẹyẹ New Guinea, ohun kan náà ni ní èdè Gíríìkì, bẹ́ẹ̀ kò sí ewúrẹ́ kankan nínú igbó orí òkè tó ń gbé! Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Gíríìsì kò ju pé kòkòrò máa ń pọ̀ níbi tí ẹran bá sùn sí, ẹyẹ náà sì ń wá kòkòrò jẹ. Darandaran jí, ó rí ẹyẹ láàárọ̀ kùtù, ó rí ewúrẹ́ tí kò ní wàrà, ó so méjèèjì pọ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Àwa nìkan kọ́ la ń ronú bẹ́ẹ̀. Àwọn òyìnbó ti rojọ́ mọ́ ẹyẹ òru kí a tó gbọ́ orúkọ wọn.

Ta wá ni ẹbí ẹyẹ orí òkè yìí? Nígbà tí wọ́n ṣàyẹ̀wò egungun àti jíìnì (ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí) ìdílé rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí wá, ohun tí wọ́n rí ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Àwọn ẹyẹ tó bá a tan jù ni hummingbird àti swift. Hummingbird ni ẹyẹ kíún tó ń mu omi òdòdó, ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ló ti wà, ọ̀sán gangan ló ń ṣiṣẹ́, àwọn kan nínú wọn sì ń lu apá ní nǹkan bí ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyẹ òru aláwọ̀ èèpo igi yìí, ẹ kò ní í rí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Síbẹ̀ ọmọ ìyá ni wọ́n lọ́nà jíjìn. Nightjar tó fún un lórúkọ jẹ́ ará ilé, àmọ́ kò súnmọ́ ọn tó hummingbird. Òwìwí kò sí nínú agboolé náà rárá: ní 2014, nígbà tí àwọn onímọ̀ fi odidi jíìnì ẹyẹ oríṣi 48 wé ara wọn, ibi tí àṣá àti àkókó wà ni òwìwí bọ́ sí, ó jìnnà pátápátá sí nightjar.

Swift, ẹ ti rí i, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀. Ó wà ní Adó, ó wà ní Ìkẹ́rẹ́. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni a ń pè é, nítorí ó jọ ọ́, bẹ́ẹ̀ wọn kò bára tan. Ẹyẹ dúdú kékeré tí ìbàdí rẹ̀ funfun, tó ń fò ní agbo pẹ̀lú ariwo tín-ín-rín lẹ́bàá òrùlé àwọn ilé gíga àti lábẹ́ afárá. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ gidi ń bà sórí wáyà iná, amọ̀ ló sì fi ń mọ ilé. Swift kò lè bà sórí wáyà láéláé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe fún un, ara ògiri ló ń so mọ́. Itọ́ ẹnu rẹ̀ ló fi ń lẹ koríko àti ìyẹ́ pọ̀ ṣe ilé. Tí ẹ bá rí i ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹbí ẹyẹ inú àwòrán ni ẹ rí yẹn. Èyí ló wú mi lórí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹyẹ àjèjì tí a fi ń dẹ́rù ba ara wa, ìbátan rẹ̀ ń sùn lábẹ́ òrùlé wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara. Àwọn èèyàn ń bi mí pé tí kì í bá ṣe idán, báwo ni ẹyẹ ṣe lè wà níwájú ẹni kí a má rí i? Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí mo bá bàbá mi àgbà lọ sí oko kan tó wà ní ẹsẹ̀ òkè Olósùnta. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, a fẹ́ gba igi jọ. Bí mo ṣe fẹ́ gbé ẹsẹ̀, bàbá mú mi ní apá. Ó ní, "Ọmọ mi, wo ilẹ̀." Mo wò, n kò rí nǹkan kan. Ó fi orí àdá tọ́ka sí i, n kò rí i síbẹ̀. Ìgbà tó fò dìde láti ẹsẹ̀ mi ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mo ń wò bí ewé àti òkúta wẹ́wẹ́, ẹyẹ ni. Ó balẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ń fi apá wọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dá ní apá. Mo fẹ́ sáré tẹ̀ lé e. Bàbá ní irọ́ ló ń pa, pé ó fẹ́ kí n kúrò lẹ́bàá ẹyin rẹ̀ ni. Ẹyin méjì sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, lórí ilẹ̀ lásán, kò sí ìtẹ́, kò sí koríko kan lábẹ́ wọn. Bàbá mi àgbà kò lọ sí ilé ìwé rí. A gba ibòmíràn kọjá.

Ẹyẹ ojú títì náà ni. Àṣírí rẹ̀ pín sí ọ̀nà díẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kì í ṣe àwọ̀ kan ló wà lára ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan: dúdú, eérú, pupa rẹ́súrẹ́sú àti funfun ló lọ́ mọ́ra, tí ojú wa kò fi ní í rí etí ibi tí ara ẹyẹ parí sí, tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni pé kì í mira lọ́sàn-án. Ojú ńlá tó lè tú u fó, ó máa ń dì í títí yóò fi ku ìlà tín-ín-rín. Ẹ̀kẹta ló jinlẹ̀ jù. Àwọn tó ṣèwádìí nípa nightjar ní Sáńbíà rí i pé ẹyẹ kọ̀ọ̀kan máa ń yan ibi tó bá ara tirẹ̀ mu láti yé ẹyin sí, kì í ṣe ibi tó bá irú rẹ̀ mu lápapọ̀ nìkan.

Ti New Guinea kò sùn sílẹ̀ ní tirẹ̀. Inú ihò igi ni ìdílé wọn fẹ́ràn láti máa fi ọ̀sán wà, tàbí láàárín ewé tó dí, ibẹ̀ náà ni àwọ̀ èèpo igi ti wúlò. Ti Ọsirélíà tún mọ ọgbọ́n kan: ní òwúrọ̀ ìgbà òtútù, ó lè jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù jìnnà sí bó ṣe máa ń gbóná, kí èémí rẹ̀ dín kù, títí oòrùn yóò fi ràn, kí ọ̀rá ara rẹ̀ má baà tán. Ẹni tó bá kì í mọ́lẹ̀ nínú ihò nígbà yẹn lè rò pé ó ti kú.

Ìbátan wọn míì ń bẹ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwa gan-an. Ní erékùṣù New Caledonia, tó wà ní ìlà-oòrùn Ọsirélíà, ní 1880, ẹyẹ kan gba ojú fèrèsé wọ yàrá kan ní abúlé tó wà nítòsí ìlú Nouméa. Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí nínú àwọn onímọ̀. Wọ́n tọ́jú òkú rẹ̀, òun ni wọ́n sì fi mọ̀ pé irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ wà láyé. Láti ọjọ́ yẹn, ìgbà tí wọ́n tún rí i kò ju kí ènìyàn fi ìka kà á lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni 1998. Ó wà lára àwọn ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n jù lórí ilẹ̀ ayé. Mo máa ń rò ó bí yóò ti rí ká ní ọ̀kan nínú yàrá wa ló wọ̀ lóru ọjọ́ náà.

Àbúrò mi ṣì ń gba ọ̀nà Ìgbàrà Òdò. Nísinsìnyí, tó bá ti rí ojú pupa níwájú, ó máa ń rẹ iná sílẹ̀, á sì dẹ eré, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó bá pọ̀ jù máa ń fọ́ ẹyẹ náà lójú, kò ní í mọ ibi tí yóò fò sí. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó dúró níbi tó ti pè mí lọ́jọ́sí, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní ohùn kan ń ró láti inú koríko, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹnì kan ń wà láìmí. Ó gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́yìn náà ó fi ránṣẹ́ sí orí WhatsApp ibi tí àwòrán yẹn ti wá, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹyẹ tí mo rí nìyí. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀."